Ẹni Tí Ó Rìn Kọjá Sókótó

Àwọn àgbà tí wọ́n pa á lówe pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tú àpò náà wò lójú wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a bá àwọn bàbá bàbá wa láyé mọ̀ pé bí ọmọdé bá fi ọgbọ́n ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ àgbàlagbà tí ó sùn lọ lábẹ́ igi odán, obì abàtà kan, aṣáà díẹ̀ nínú àdó, àti ọmọ ayò kan tàbí méjì tí ó sọnù lára ọpọ́n lánàá ni yóò bá níbẹ̀, ìyẹn sì ni gbogbo ẹrù tí ọkùnrin ayé ìgbà náà nílò láti gbádùn ara rẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí títí di ìgbà tí wọn yóò fi pè é wá jẹ iyán. Lóde òní, fóònù ni ń bẹ nínú àpò náà, ìran tiwa sì ń yangàn pé òwe ti ṣẹ: Sókótó ti wọ inú ṣòkòtò, Dubai ti wọ̀ ọ́, Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ ọ́, kò tún sí ohun tí a ń wá lọ sí ibì kankan mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹsẹ̀ kò dúró? Kí ló dé tí ẹni tí gbogbo ayé wà lápò rẹ̀ tún ń san owó ọkọ̀ òfúrufú lọ wá ìsinmi, tí àárẹ̀ tí ó bá bọ̀ sì ju èyí tí ó gbé lọ?

Ìlú Niamey ni n ó fi dá ẹjọ́ yìí, nítorí pé ẹ̀yìn Sókótó ni ó wà ní ti gidi. Ẹni tí ó bá ti Sókótó kọjá ní ọ̀nà Illela, tí ó bá Birnin Konni wọ ilẹ̀ Niger, tí ó gba Dogondoutchi, tí ó gba Dosso, Niamey ni yóò já sí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ni ó ti tọ ọ̀nà náà tẹrù tẹrù, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Òwe wa kò bá àwọn wọ̀nyẹn wí: ọjà ni wọ́n bá lọ, wọ́n sì rí i tà. Ẹni tí òwe náà ń bá wí ni ọ̀rẹ́ wa kan tí mo sọ ní Ajífowóṣeré, ẹ má sì ṣe wá a kiri àdúgbò kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí àdúgbò ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham tí kò sí.

Ajífowóṣeré, ọmọ a-ra-ẹ̀rọ-ìrìn-sí-yàrá, tí ó ń sáré wákàtí kan gbáko láìkúrò lójú kan, kí ó tó wọ mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní ojúlé kẹta. Ọmọ a-fi-òdòdó-oníke-ṣọ̀ṣọ́-ilé, kí ó má baà di wàhálà pé à ń bomi rin ohun tí ó lè hù. Ọmọ a-fowó-gọbọi-ra-ajá, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń mú ajá náà rìn, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń wẹ̀ ẹ́, tí ajá sì ti fúnra rẹ̀ pinnu, nípa ọgbọ́n tí Elédùmarè fún un, ẹni tí í ṣe olówó òun. Ẹja ń bẹ nínú gíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni ó ń bá wọn mí. Agogo kan ń bẹ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ tí ń ta á jí ní wákàtí wákàtí pé ó ti jókòó pẹ́ jù, kí ó dìde, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjìdínlógún. Ó gbọ́ pé oòrùn Niamey ń wọ̀ dáadáa, ó sì lọ wò ó.

Ní Niamey, bí ooru tí í máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n ní oṣù April bá ti rọ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a gbé bẹ́ǹṣì síta, wọn a tẹ́ ẹní sórí iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọn a sì jókòó. Fada ni wọ́n ń pe ìjókòó yìí, orúkọ tí àwọn Haúsá fi ń pe ààfin ọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ìjòyè, àfi orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sára ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí ìjà fún ìjọba tiwa-n-tiwa sì gbòde, ni fada bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílùú. Èmi kò ní purọ́ pé ọgbọ́n nìkan ni ó kó wọn jọ. Àìríṣẹ́ṣe ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì rí ọmọkùnrin tí ó ti ka ìwé yanjú tí ó ń fẹ́ iná èédú láràárọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ wò bí wọ́n ṣe ń pọn tíì.

Wọn a kó èédú díẹ̀ sínú àdògán tí wọ́n fi wáyà lílọ́ ṣe, wọn a gbé ìkòkò tíì kékeré kan lé e, wọn a da ewé tíì aláwọ̀ ewé tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá sínú rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí ó hó títí omi yóò fi dúdú. Ẹni tí ń pọn ọ́n a wá gbé ìkòkò sókè réré, a da tíì láti òkè sínú ife gíláàsì tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, a dà á padà, a tún dà á, títí ìfófòó yóò fi bo ojú ife. Ife àkọ́kọ́ korò. Wọn a fi ṣúgà àti omi kún ewé kan náà, wọn a tún sè é. Ife kejì a fara mọ́ ọ̀fun. Ìgbà kẹta ni ó ń dùn, ó sì lè tó wákàtí méjì kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ajífowóṣeré, tí wọ́n fún ní àga nítorí pé àlejò ni, wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí bàbá aláṣọ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti pẹ́ nílùú náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé wọn ò lè fi kẹ́tùlù oníná sè é kó yá ni?"

"Ó lè yá, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Bó bá wá yá tán, kí la ó jókòó ṣe?"

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù July 2023, tí Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí ó ń lọ sí Niger, èyí tí kì í ṣe ohun tí aládùúgbò fi ń yangàn, òkùnkùn bo Niamey. Tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, ẹ̀rọ amómitutù di àpótí. Àdògán kò bèèrè ẹni tí ó wà lórí oyè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, àwọn méjì ti fi ìka gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ 30 sínú iyanrìn, mẹ́fà lọ́nà kan, márùn-ún lọ́nà kejì. Ọ̀kan mú òkúta 12, èkejì mú ṣẹ́ẹ́pẹ́ igi 12, ẹni tí ó bá sì to ọmọ mẹ́ta léra sórí ìlà kan yóò pa ọ̀kan jẹ lára ti ẹnìkejì rẹ̀. Dara ni wọ́n ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ rẹ́ lóru, wọn a gbẹ́ òmíràn lọ́la. Ajífowóṣeré kò ṣàì ní ọpọ́n ayò nílé o, oníhò 12, èyí tí ọ̀gá agbẹ́gilére gbẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kàn án mọ́ ògiri kí àlejò lè rí i, ọmọ ayò 48 sì wà nínú àwo gíláàsì lórí tábìlì, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú fóònù ni òun ti ń ta tirẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkan tí kò mọ̀, tí kò lè bú u pé "Òpè ni ẹ́!" bí ó bá pa á layò. Ayò tí kò ní èébú nínú, kí ni adùn rẹ̀?

Ti ẹran ọ̀sìn ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní Niamey, àgbò ni ọ̀rẹ́ ilé. Àgbò funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni wọ́n fẹ́ràn, wọn a so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn a fún un ní ewé ẹ̀wà gbígbẹ, àwọn ọmọdé a sì fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí irun rẹ̀ yóò fi mọ́ ju aṣọ ilé-ìwé wọn lọ. Bí Iléyá bá dé, wọn a dúńbú rẹ̀, wọn a na odidi rẹ̀ sórí igi, wọn a gún igi náà sílẹ̀ yí iná ká, gbogbo àdúgbò a sì kún fún èéfín ẹran. Ọmọ tí ó ń bọ́ ọ a sunkún, a sì jẹun, kò sì sí àgàbàgebè nínú ọ̀kankan. Ajífowóṣeré ní ìwà ìkà ni, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kọ̀wé gígùn sí i lórí Facebook pé ènìyàn kò gbọdọ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Igi súyà ń bẹ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí ajá kan lábẹ́ igi, ajá gíga, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí egungun ìhà rẹ̀ hàn bí okùn dùrù. Ó ní ebi ń pa á. Ebi kò pa á: Azawakh ni, ajá àwọn Tuareg, tí a fi orúkọ àfonífojì tí ó wà láàárín Niger àti Mali pè, ọdẹ tí ń lé ẹtu bá nínú ooru tí ajá mìíràn kò lè dúró sí, olùṣọ́ àgọ́ tí kì í gba àlejò láyè. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sílé. Ní 1981 ni ẹgbẹ́ àwọn alájàá àgbáyé fọwọ́ sí i. Ní 2019 ni American Kennel Club gbà á wọlé. Nígbà tí Ajífowóṣeré ka gbogbo èyí nínú fóònù rẹ̀ lálẹ́, ojú rẹ̀ là, ó sì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti ra ọ̀kan. Láti Jámánì.

Ó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ṣí ní 1959, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama báyìí. Ibi ìgbafẹ́ ni fún ará ìlú: wọn a kó ọmọ wọn lọ wo kìnnìún àti erinmi, wọn a wo àwọn alágbẹ̀dẹ bí wọ́n ti ń lu fàdákà, wọn a jókòó sábẹ́ igi. Níbẹ̀ ni òkú igi Ténéré wà. Ẹ fetí sí ìtàn igi yìí, ẹ̀yin tí ẹ rò pé fóònù ni ó dá ìwà òmùgọ̀ sílẹ̀. Igi akaṣíà kan ṣoṣo ni, tí ó dá dúró nínú aṣálẹ̀ Ténéré, tí kò sí igi mìíràn ní ohun tí ó lé ní 200 kìlómítà yí i ká; nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1938, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wá omi lọ sísàlẹ̀ ju mítà 30 lọ. Àwọn oníràkúnmí kò jẹ́ kí ràkúnmí jẹ ewé rẹ̀, wọn kò ṣẹ́ ẹ dáná. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan, tí wọ́n ní ọtí ti pa, fi gbogbo aṣálẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó sì kọlu igi náà, ó wó o. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Niamey ní oṣù November ọdún náà, wọ́n sì gbé ọ̀pá irin sí ipò rẹ̀. Ajífowóṣeré dúró níwájú òkú igi náà, ó ní igi gbígbẹ lásán ni.

Láti 1975, ọjọ́ òmìnira Niger, 3 oṣù August, ni ọjọ́ igi gbíngbìn. Àwọn ọmọ ilé kan gbin ọ̀kan ní ojúde bàbá aláṣọ. Wọ́n fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́, omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ ni wọ́n sì ń dà sí i nídìí. Ó ti ga tó orókùn. Ọmọdébìnrin kan ń wọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú a sì máa bí i pé igi náà ń dàgbà ju òun lọ.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ odò. Ọya Ìyáńsàn-án, aya Ṣàngó, obìnrin tí ń bọ́ ṣáájú ọkọ dé ojú ìjà, òun ni àwọn baba wa fi orúkọ rẹ̀ pe omi ńlá tí ó la Niamey já. Orí òkè ní Guinea ni Odò Ọya ti ṣẹ̀, ó sì ń rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà kí ó tó kan òkun. Ó kọ́kọ́ doríkọ aṣálẹ̀, ó yípadà lápá ibi tí Timbuktu wà, ó gba Gao, ó gba Niamey, ó sì wọ Nàìjíríà. Láti orí afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, tí ràkúnmí elérù igi ti ń bá mọ́tò du ọ̀nà, ẹ óò rí àwọn ológbà tí ń bomi rin ẹ̀fọ́ létí omi, ẹ óò rí apẹja tí ń kó àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ óò sì rí oòrùn bí ó ti ń pọ́n bọ̀ wá sílẹ̀ láìkánjú. Ajífowóṣeré dé orí afárá náà lásìkò gan-an. Ó kọ ẹ̀yìn sí odò, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó na fóònù síwájú ojú ara rẹ̀, ó sì tún un yà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Omi yẹn kan náà ni ń kọjá ní Jẹ́bà, tí Ajífowóṣeré ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá nígbàkúùgbà tí ó bá ń lọ sí Kàdúná, gíláàsì mọ́tò ní títì pa, ojú nínú fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí awakọ̀ dúró. Kò sí owó ìwọlé. Ẹja tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kí ẹ ná an dáadáa kí ẹ tó sanwó.