Orúkọ Kọ̀ǹpútà, Ìjánu Ta?

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ayé ìgbà tí gbogbo àdúgbò mọ ilé tí wọ́n ti kó ọmọ jáde ni wọ́n ti sọ ọ́, tí ọmọ tó bá fẹ́ ṣìwà hù á kọ́kọ́ rántí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé yunifásítì máa gba òwe náà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan, tí á fi de kọ̀ǹpútà.

Ẹ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ICT ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tuntun. Ọmọ ọdún kìíní gbé laptop há abíyá, ó mú rìsíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ àti fọ́tò pasipọ́ọ̀tù méjì dání. Fọ́tò tirẹ̀ ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé laptop ni wọ́n fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò sì ní ṣí àfi tí wọ́n bá ti gba fọ́ọ̀mù. Ọmọ á fi owó ara rẹ̀ ra dátà, kí ó lè tọrọ Wi-Fi tí owó rẹ̀ ti wà nínú rìsíìtì tó mú dání.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Wi-Fi kò gbà mí wọlé."

"Kí ni MAC address ẹ?"

"Sà?"

"MAC address! O ò mọ orúkọ kọ̀ǹpútà ara ẹ ni?"

Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó di kí ó ṣí ojú dúdú kan, kí ó tẹ ipconfig /all, kí ó máa wá ìlà tí wọ́n kọ Physical Address sí láàárín ìlà rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ni orúkọ wà: àmì 12, láti 0 dé 9 àti A dé F. Ká má purọ́, ẹni tó ṣètò rẹ̀ mọ àṣà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdílé, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, tó gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ IEEE ní Amẹ́ríkà. Mẹ́fà tó kù jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ṣáájú, àbísọ tẹ̀lé e. Akọ̀wé á dà á kọ, á ṣi B kọ sí 8, ọmọ á padà wá lọ́la.

Tó bá jẹ́ pé ìjánu náà ń mú nǹkan, ǹ bá ní kí wọ́n fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó ti gbà láti dúró nìkan ló ń mú. Ní September 2010, Aaron Swartz, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, so laptop kan mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì MIT, ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà dunjú. Wọ́n ní kí àlejò forúkọ sílẹ̀. Ó ní Gary Host lòun ń jẹ́, ó sì pe kọ̀ǹpútà náà ní ghost laptop. Ẹ so G mọ́ Host, ó di ghost, ìyẹn iwin, ẹ ó mọ ẹni tó wọlé. Ẹ̀rọ kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó ní káàbọ̀. Laptop bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpilẹ̀kọ ìwádìí lọ́pọ̀ yanturu láti JSTOR, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ariwo bá ta. Wọ́n dí nọ́ḿbà IP rẹ̀, ó gba òmíràn. Wọ́n dí MAC address gan-an, ó yí lẹ́tà tó kẹ́yìn padà, b di c, ó sì tún wọlé bí ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà kejì dé: Grace Host. Ìdílé ń gbilẹ̀.

Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ló mú un. Ní January 2011, wọ́n tọ wáyà dé yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ilé, wọ́n bá laptop lábẹ́ páálí, wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀, wọ́n sì dúró dè é títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí ọdẹ aṣọ́lé lè ṣe láìmọ A, B, D kọ̀ǹpútà. Swartz kú ní January 2013, ọmọ ọdún 26, ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Fọ́ọ̀mù ni mò ń bá wí.

Ohun tí Swartz fi ọgbọ́n orí ṣe nígbà náà, fóònù ń dá a ṣe báyìí láìbi olówó rẹ̀. Láti Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù kì í jẹ́ orúkọ àbísọ rẹ̀ fún Wi-Fi mọ́, ìnagijẹ ló ń jẹ́. Ó nídìí: àwọn ọlọ́jà ti ń fi orúkọ àbísọ ọ̀hún tọpa ẹni tó bá kàn gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ẹni bá fẹ́ dá ìnagijẹ náà mọ̀, kí ó wo àmì kejì. Bó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, a jẹ́ pé òun ni. Ọmọ wa kò mọ èyí. Ó ṣí About nínú iPhone rẹ̀, ó fi tọkàntọkàn da orúkọ tó rí níbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ó dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù ní òun kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ tún un ṣe, wọ́n ní ẹ̀rọ méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ sì ti pé. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan tó já sínú kànga lọ́dún tó kọjá náà ṣì wà lójú ìwé, ó gbapò alààyè.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Láti 2002 ni Klaas Wierenga, ará Netherlands, ti dá àbá ohun tó di eduroam. Ẹni ni eduroam ń dá mọ̀, kì í ṣe irin: akẹ́kọ̀ọ́ á fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wọlé nílé-ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn. Ó ti kárí orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an lohun tí àwọn àgbà wí. Ọmọ ni wọ́n ń sọ lórúkọ, wọn kì í sọ bàtà ọmọ.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ju fọ́ọ̀mù nù, pẹ̀lú gbogbo òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀? Ìwé tuntun ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀kùn: ẹ pa Private Wi-Fi Address, ìyẹn ìnagijẹ fóònù, kí ẹ tó wá o. Ní àjà kejì ilé kan náà, olùkọ́ ń kọ́ ọdún kìíní bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo àṣírí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí wọ́n má ṣe pa á láéláé. Ọmọ wa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fàlà sí i nídìí. Àmọ́ aago 12 òru ni wọ́n á ti pọ́tà asáìnmẹ́ǹtì olùkọ́ yẹn kan náà. Ó pa á.