Ọjọ́ Tí Ìyá Ẹlẹ́kọ Fa Wáyà Bàbá Tíṣà Yọ

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí Lándílọ́ọ̀dù gbọ́ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà mọ Bàbá Tíṣà wa, ti yàrá kejì lápá ọ̀tún, tó máa ń wọ táì lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sùn nílé wa rí, ẹ mọ ohun tójú wa rí. Tí Bàbá bá ń hanrun, abọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà lódìkejì ògiri á máa gbọ̀n. Mo fi ojú mi rí ewúrẹ́ tó dìde lábẹ́ fèrèsé Bàbá lóru, tó kó ara ẹ̀ lọ sùn lẹ́bàá kànga. Ewúrẹ́ o!

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ oorun ti pẹ́ ní Ẹdẹ. Ṣebí oorun náà ni Gbọ̀ọ́nkàá, akọni Ṣàngó mìíràn, fi mú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ẹni tó tẹ ìlú wa dó? Akọni tí Ṣàngó rán wá ṣọ́ bodè, tí ọfà ẹ̀ ń jó bí iná, ọfọ̀ lásán ni wọ́n pè sí i tó fi sùn lọ fọnfọn, ni wọ́n bá gbé e dé Ọ̀yọ́. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣeré nínú Ọba Kò So, wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé Tìmì hanrun lọ́jọ́ náà? Kò sí òpìtàn tó sọ ọ́. Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé ná? Ẹ̀hẹn, Bàbá Tíṣà.

Ìhanrun Bàbá kì í lọ tààrà. Á máa ròkè, á máa ròkè, á wá dá wáí. O lè ka oókan dé ẹẹ́ẹ̀dógún kó o má gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ "hááà!" bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Àwa ń rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá kí i, tó sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èémí ló ń dá lójú oorun, pé ọ̀nà ọ̀fun Bàbá ń pa dé. Wọ́n lọ rí dókítà, kò pẹ́ ni ẹ̀rọ dé, èyí tí wọ́n ń pè ní CPAP. Òyìnbó kan ní Ọsirélíà, Colin Sullivan, lòun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e jáde ní 1981. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń rọra fẹ́ wọlé látinú ìbomú, kí ọ̀fun má baà pa dé.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé yọjú wo Bàbá, wọ́n rí ìbomú, wọ́n rí rọ́bà gígùn tó rọ̀ sílẹ̀ bí ọwọ́jà erin. Ariwo ta: "Egúngún wà nínú yàrá Bàbá!" Ṣùgbọ́n láti òru yẹn ni gbogbo ilé ti ń sùn. Ewúrẹ́ náà ti padà sí àyè ẹ̀.

Ó wá ku Ìyá Ẹlẹ́kọ. Alhaja ni o, wọ́n ti dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ilé oníṣàngó ni wọ́n ti bí wọn, ẹ̀yin náà mọ̀. Tí àrá bá kù báyìí, wọ́n ti ń da aṣọ bo dígí, wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó bá wọ pupa, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá Tíṣà máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Alhaja, sáyẹ́ǹsì ni mànàmáná."

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló parí ẹjọ́. Òru ni. Ó ṣú láti apá Òṣogbo, bó ṣe máa ń ṣe, atẹ́gùn gbé páànù ilé ìdáná wa lọ sí oko ẹni ẹlẹ́ni. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, àrá sán, mo gbọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ: "Kábíyèsí o!" Wọ́n mú àtùpà kan lọ́wọ́, wọ́n ń gba yàrá dé yàrá, wọ́n ń fa pulọ́ọ̀gì yọ bí ẹni ń fa ewúro. Wọ́n dé yàrá Bàbá tí kì í tilẹ̀kùn, wọ́n fà á yọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Bàbá ta jí pẹ̀lú ìbomú lójú, kò lè sọ̀rọ̀: "Nmmm! Nmmm!" Ìyá rí i nínú iná àtùpà, àwọn náà figbe ta. Ìgbà tí Bàbá ráyè tú ìbomú, ó ní:

"Alhaja, ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Tíṣà, mo gbà yín lọ́wọ́ Olúkòso, ẹ̀ ń bú mi!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni iná ti lọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí NEPA mú un dé. (NEPA ti di orúkọ mìíràn láti 2005, àmọ́ ta ló ráyè?) Ó sì dé pẹ̀lú ìbínú. Gílóòbù wa mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, ó bẹ́ gbàmù. Tẹlifíṣọ̀n Lándílọ́ọ̀dù, tí ìyá ò ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, rú èéfín. Ẹ̀rọ Bàbá Tíṣà ńkọ́? Wáyà ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Ìyá Ẹlẹ́kọ fi àárọ̀ ọjọ́ yẹn yan káàkiri, àfi nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti yàrá ẹ̀yìn dé láti iṣẹ́ alẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣe é dáadáa, ẹ sì ṣe é burú. Yíyọ ló tọ́. Ṣùgbọ́n tójú ọ̀run bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni wọ́n ń yọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí àrá ti ń sán. Àrá tó bá ba òpó lókèèrè lè gba inú wáyà dé ọwọ́ yín." Ó ní tó bá dákẹ́ tán, kí wọ́n dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ki í padà. Bàbá ní sìtàbíláísà wà. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn wúlò tí iná bá ń lọ sókè sódò díẹ̀, àmọ́ àrá gan-an á fò ó kọjá.

Ó wá sọ ti ìyá kan ní Owódé tó ń lo ẹ̀rọ mìíràn, èyí tó ń yọ ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀sì ní bí Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣe ń sẹ́ ògì ló ń ṣe: nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí, ọ́síjìn jẹ́ bí 21 nínú 100, ẹ̀rọ á dá náítírójìn dúró bí èérí, ohun tó ń ṣàn jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ọ́síjìn. Bàbá Tíṣà lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó gbé orí sókè, títí òjò á fi dá. Ìyá yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀, kí sìlíńdà ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ará ilé sì ti fi ọ̀sán kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí rọ́bà látara ẹ̀rọ sí sìlíńdà. "Ìyá, àtùpà yín yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá wọn láéláé. Ọ́síjìn máa ń mú iná ràn gan-an. Kò tún sí pé ẹ ń fi Vaseline pa imú wọn."

Ìyá Ẹlẹ́kọ dákẹ́. Èmi ò rí i rí.

Nọ́ọ̀sì ní ọmọ-ọmọ ìyá Owódé náà ló tún fẹ́ ba gbogbo ọgbọ́n yìí jẹ́. Òjò ń pa jẹnẹrétọ̀, ó ní kóun wọ́ ọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò ẹ̀ tó pariwo! Èéfín yẹn ní májèlé tí kò ní òórùn, afẹ́fẹ́ inú yàrá sì ni ẹ̀rọ ń fà. Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, jìnnà sí fèrèsé. Tí òjò ò bá gbà, kẹ́ ẹ má tan án.

Bàbá ti ra bátìrì fún tiẹ̀ báyìí, dókítà ló sọ èyí tó bá ẹ̀rọ ẹ̀ mu. Tójú ọ̀run bá ti dúdú, ẹ ó gbọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ: "Tíṣà, ó ti ń bọ̀ o!" Bàbá á dáhùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Mo ti yọ ọ́, Alhaja." Ìgbà mìíì, ẹ̀kọ gbígbóná á tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ ọ̀fẹ́, lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ? Èmi ò sọ nǹkan kan o.

Ẹ gbọ́, ó ti ń ṣú lápá Òṣogbo. Ẹ jẹ́ n lọ yọ tèmi, kí ẹ̀yin náà lọ wo tiyín.