Oríkì Kábíyèsí Ẹrẹ̀, Ọba Ọ̀nà Oko

Ẹrẹ̀ o! Ẹrẹ̀ ọmọ òjò, ọmọ ilẹ̀ pupa. Adá-ọlọ́kadà-dọ̀bálẹ̀-láìkí-ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí awakọ̀ ń yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, tí o ní òsì ni mọ́tò yóò lọ. Ọlọ́pàá kò lè bi ọ́ ní pátíkúlà. N'Íbàdàn, ẹni tí yóò jọba a máa gun àkàbà oyè, ó ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ìwọ kò gun àkàbà kankan. Òjò òru kan péré, kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti gorí ìtẹ́ láti Bádékù dé Àkànrán, láti Ejìòkú dé Lálúpọn. Oṣù kẹrin ni o ń wọlé, ó di oṣù kẹwàá kí o tó káṣọ, àfi ìsinmi díẹ̀ tí o máa ń gbà nínú oṣù kẹjọ.

Ohun tó ń dunni ni pé wọn kì í fi ògo rẹ fún ọ. Bí mọ́tò ẹ̀gẹ́ bá dojú dé, àwọn kan á ní ayé ló ṣe é, àwọn mìíràn á ní òjò ni. Irọ́ ni. Ilẹ̀ wa kún fún amọ̀: bó bá gbẹ, ó le; bí omi bá wọ̀ ọ́, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, taya ò sì ní rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ tó sì ṣàn lọ kò lè fi ẹnikẹ́ni jọba. Omi tó dúró ló ń dé ọ ládé. Ọ̀nà tí wọ́n bá ṣe tí àárín rẹ̀ ga ju etí rẹ̀ lọ, tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí lọ́tùn-ún lósì, omi kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà oko tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ mọ́tò ti gbẹ́ ẹ di odò méjì, gọ́tà kò sì sí. Àìsí-Gọ́tà yìí ni Ọ̀tún rẹ, òun ló ń bu omi fún ọ mu. Òun ló sì ń bá ọ gba ìṣákọ́lẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí a hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọlọ́kọ̀ mọ èyí, ó fowó lé owó ọkọ̀. Oníbàárà náà mọ̀ ọ́n, ó yọ nínú owó ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ ló ń san méjèèjì.

Ẹnìkan lè ní Ọlọ́run ló dá yíyọ̀ mọ́ ilẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ ṣe sí i? Ẹni náà gbàgbé yìnyín. Ìwé ìlànà ìwakọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé lórí ọ̀nà tó tutù, ibi tí ọkọ̀ yóò rìn kó tó dúró a máa tó ìlọ́po méjì, pé lórí yìnyín ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn, ó sì burú jù ọ́ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, wọn ò fi í jọba. Wọ́n ń da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà fún un. Ní Sweden, bí ọ̀nà bá ti dì láàárín ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá sí ìparí oṣù kẹta, òfin ní dandan ni taya ìgbà òtútù. Lọ́dọ̀ tiwa, taya tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti dán ni Òsì rẹ. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí i 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Mélòó nínú wa ló ń bẹ̀rẹ̀ wò ó? Wọ́n á ní owó taya tuntun dà. Òótọ́ ni, n kò ní fi tálákà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Eré Àsápajúdé, Balógun rẹ, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ láti lé e kúrò lóyè. Ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gàárì, tó ń sáré kọjá nínú rẹ, kì í ṣe àìlówó ló ń lé e.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ṣáà da ọ̀dà, ìjọba rẹ á tán. Ọ̀dà kì í ṣe ọ̀tá kékeré o. Ọ̀nà Moníyà sí Ìjàyè sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ààfin rẹ ni tẹ́lẹ̀ kí ìjọba Ṣèyí Mákindé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n o mọ aṣọ pààrọ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, bí òjò àkọ́rọ̀ bá pàdé eruku àti ọ́ìlì tó ti gbẹ mọ́ ojú ọ̀dà, ìwọ náà tún ti dé. Bí omi bá dúró lórí ọ̀dà tí Balógun sì ń lé ọkọ̀ lọ, omi á gbé taya kúrò nílẹ̀ pátápátá, bíréèkì á wá di ohun tí a kàn ń tẹ̀ lásán.

Àwọn ará abúlé ń gbìyànjú. Wọ́n ń da òkúta àti èèpo èkùrọ́ sí ihò, ihò á dí, omi á sì wá ibòmíràn jókòó sí. Gírédà ni afọbajẹ gan-an. Láti ayé DFRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ni a ti mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà oko: bó bá fá ojú ọ̀nà tí kò gbẹ́ gọ́tà, ọ̀nà á relẹ̀ sí i, lọ́dún mìíràn ó tún fá, títí oko fi máa ga ju ọ̀nà lọ, tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ á di gọ́tà oko. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì ti gbé iṣẹ́ irú ọ̀nà báyìí àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí àwọn onílù rẹ bá ń wá ibi tí wọn yóò ti kí afọbajẹ kú iṣẹ́, kí wọ́n yà sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Moníyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá, ní Àkànrán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n lọ o. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò wọn lè má dé ọ̀hún.