Ìjàpá, Alága Dín-Ṣúgà-Kù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sórí ẹfọ̀n, kò balẹ̀ sórí àgbọ̀nrín. Orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ló bà lé, òun àti Èèrà tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Láyé ọjọ́sí, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, ilẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú mẹ́tàlá ló kó ara wọn jọ tó fi di Ṣàgámù ní 1872: Mákùn, Ọ̀fin, Ṣónyìndó àti àwọn yòókù. Àwọn ẹranko wò ó, wọ́n ní ohun tó bá ti gún ọmọ aráyé lọ́wọ́, àwọn náà lè dán an wò. Àdúgbò mẹ́tàlá parapọ̀, wọ́n fi Ẹkùn jọba. (Ọba ẹranko ni mo wí o. Mi ò dárúkọ Akárìgbò Rẹ́mọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ ránṣẹ́ pè mí.)

Oúnjẹ pọ̀ nígbà náà. Wọ́n ń fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ń fi kókò ṣe ebiripo. Bí oòrùn bá mú, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan gógó ni wọ́n ń bu omi tútù lé. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀. Àfi ọjọ́ tí ṣúgà wọ̀lú. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣíbí kan sí gààrí. Ṣíbí kan di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ògì ò ṣe é mu láìsí i, tíì wá ń ki nínú ife, mínírà sì rọ́pò omi débi pé àlejò tí wọ́n bá gbé omi lásán fún á máa wo ojú onílé pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Bí ẹnu ṣe ń kún fún adùn ni ààtàn ń kún fún oúnjẹ. Ẹni tó ti mu mínírà mẹ́ta lóde ìnáwó, kí ló tún fẹ́ fi ìrẹsì ṣe? Á fi ṣíbí gún un lẹ́ẹ̀mejì, á mú ẹran inú rẹ̀, á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igún tó ń gbé orí ààtàn sanra títí, kò lè fò mọ́.

Erin ni nǹkan kọ́kọ́ ṣe. Ó ń mu omi, òùngbẹ ò lọ. Lóru, bó bá ṣe dùbúlẹ̀ báyìí, ìtọ̀ á tún gbọ̀n ọ́n jí. Egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, ó kọ̀, kò jinná. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Òwìwí. Òwìwí ò já ewé, kò wa egbò. Ó ní kí Erin lọ tọ̀ sídìí igi obì kan, kí oníkálukú lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, èèrà ti bo ìdí igi obì bámúbámú. Òwìwí mi orí, ó ní, "Àtọ̀gbẹ ni." Báyìí ni àwọn àgbà wa ṣe ń dá a mọ̀ kí ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó dé, èèrà ò sì gbowó káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹkùn pe ìlú jọ. Ó ní òun ò ní jókòó kí ohun dídùn pa ará ìlú òun tán, bẹ́ẹ̀ ni òun ò ní máa wo oúnjẹ lórí ààtàn nígbà tí àwọn ọmọ Òkété ń sùn lébi. Ó ní kí wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Dín-Ṣúgà-Kù-Má-Fi-Oúnjẹ-Ṣòfò kalẹ̀. Ta ni yóò ṣe alága?

Èèrà nawọ́. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Èmi kì í ṣòfò. Ẹ̀rún tó bọ́ lẹ́nu yín lánàá, èmi ni mo gbé e. Àìsàn Bàbá Erin náà, ìdílé wa ló jẹ́rìí sí i."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́dẹ̀ ní tí wọ́n bá gbé Èèrà sórí àga alága, àwọn ò ní mọ ìgbà tó dé, àwọn ò sì ní mọ ìgbà tó lọ. Ìjàpá bá dìde lẹ́yìn, ó gbé apá agbádá méjèèjì sórí èjìká. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Àbí ẹni tí kò mọ adùn ló fẹ́ ka adùn léèwọ̀?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀bọ di akọ̀wé, Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣọ́ àjẹkù, Igún sì di olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ààtàn, nítorí ìrírí rẹ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ dùn. Pọ́fùpọ́fù wà ńlẹ̀, kéèkì wà ńlẹ̀, mínírà méjì méjì wà níwájú olúkúlùkù. Ọ̀bọ nu ẹnu, ó ṣí ìwé. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2015 pé ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún àgọ́ ara lójúmọ́. Tó bá lè jẹ́ ìdajì ìyẹn, ó sàn jù: bíi gíráàmù 25, ṣíbí tíì mẹ́fà.

Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Mẹ́fà nínú ife kan?"

"Mẹ́fà láti àárọ̀ dalẹ́."

"Èyí tí mo mú dání yìí ńkọ́?"

Ọ̀bọ yẹ ìgò wò. Ìgò 50cl ni. "Èyí lè ní tó gíráàmù 50."

Ẹlẹ́dẹ̀ ronú títí, ó ní kò burú, ìdajì lòun máa mu. Ó mu ìdajì, ó da ìdajì tó kù sílẹ̀. Igún ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìjàpá wá gbé àbá tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ìjọba Nàìjíríà, nínú Òfin Ìṣúná 2021, fi náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà, ṣúgà ṣì wà nílùú. Àwa á gba ṣúgà fúnra rẹ̀! Ife kan ní ilé kan lọ́sẹ̀ kan, kó má baà pa wọ́n. Kí wọ́n sì máa kó àjẹkù wá pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ á bá wọn pín in fún aláìní. Ìlú gbà. Wọ́n ń gbé ife wá, wọ́n ń gbé ìkòkò wá, ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Aláìní kan ò tíì rí ìrẹsì gbà.

Yánníbo ní tirẹ̀ ò dá sí wọn. Ebiripo ló ń tà ní Sábó, lẹ́bàá àwọn Hausa tó ń ṣòwò obì. Ẹni tó ń ra obì lọ́dọ̀ wọn ló ń ra ebiripo lọ́dọ̀ rẹ̀, á jẹ obì, á mu omi lé e, omi á dùn lẹ́nu rẹ̀ láìsí nǹkan kan nínú omi. Yánníbo a máa rin kókò, a máa bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, a sì máa pọ́n ọn sínú ewé eéran, ewé tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín náà nìyẹn. Àwọn tó ń já ewé eéran pọ̀; àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀ ò pọ̀. Ìdí ibẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni èso rẹ̀ wà, pupa, oníhà mẹ́ta. Yánníbo á là á, á mú hóró dúdú inú rẹ̀ sẹ́nu pẹ̀lú nǹkan yọ̀ọ́yọ̀ọ́ tó wà lára rẹ̀, adùn ọ̀hún á sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí táá fi pàtẹ. Òyìnbó oníṣègùn kan, Daniell, ti kọ̀wé lórí èso yìí láti 1855. Ní àwọn ọdún 1970, Tate & Lyle ní Ìlú Ọba, tó jẹ́ pé ṣúgà gan-an ni wọ́n fi ń ṣòwò, bẹ̀rẹ̀ sí í fa adùn rẹ̀ yọ láti tà. Purotéènì ni, wọ́n ń pè é ní thaumatin, ó sì fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ní Rẹ́mọ, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ já ewé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn Yánníbo kọ gààrí. Ó ní ó kan. Ṣúgà ò sí nílé, bàbá rẹ̀ ti gbé e fún ìgbìmọ̀. Yánníbo tọwọ́ bọ ìdí aṣọ, ó mú èso àgbáyun kan jáde, pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tó orí àtàǹpàkò.

"Gbà. Má gbé e mì o. Fi ahọ́n yí i ká."

Ọmọ náà fi ahọ́n yí i, ó ń yí i, títí ara èso fi tán lára kóró. Ó tu kóró sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó bu gààrí kan náà. Ó dákẹ́. Ó tún bù ú. Ó wo inú abọ́, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, kí lẹ fi sí i?"

"Omi."

Kò wẹ̀yìn mọ́ títí ó fi lá abọ́. Ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, ti rí irú nǹkan yìí ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1725, pé àwọn ènìyàn ń jẹ èso kan kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ kíkan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà wá fẹ́ máa tà á fún àwọn tó ń sá fún ṣúgà, ìjọba ibẹ̀ dá wọn dúró ní 1974, wọ́n ní àfikún oúnjẹ ni, kò tíì gba àṣẹ. Ṣúgà ń kọjá níwájú wọn, ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìwé àṣẹ.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ètò ìgbìmọ̀ pé. Ìkẹ́nnẹ́ ni Ìjàpá gbé e lọ. Ó ní ìlú tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí ní 1909 ló yẹ kí wọ́n bí ètò òun náà sí. Wọ́n ra aṣọ ẹbí. Àdúgbò mẹ́tàlá gbé ìkòkò mẹ́tàlá wá, kò sí èyí tó fẹ́ kí tòun kéré. Kéèkì alájà márùn-ún dúró láàárín, wọ́n sì fi ṣúgà funfun kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: DÍN ṢÚGÀ KÙ. Ọ̀bọ dìde pẹ̀lú itan adìẹ lọ́wọ́, ó ka ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2024: oúnjẹ tí ayé dà nù ní 2022 nìkan lé ní bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ ló sì ti inú ilé jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ kọ háà. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé èyí tó wà níwájú òun kúrò, ó ti tutù, kí wọ́n gbé gbígbóná wá.

Ìtọ̀ gbọ̀n Alága. Ó yọ́ lọ sídìí ọsàn, ó tọ̀, ó padà wá jókòó. Kò pẹ́ tí orin fi bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Alága, níbo lo tọ̀ sí?
— Èèrà tò, èèrà tò lọ rere.
Ìdí ọsàn lo tọ̀ sí.
— Èèrà tò, èèrà tò lọ rere.
O ní ká má jẹ ṣúgà mọ́.
— Èèrà tò, èèrà tò lọ rere.
Ta ló wá jẹ tiwa tán?
— Èèrà tò, èèrà tò lọ rere.
Ẹ̀yìnkùlé ò lè parọ́.
— Èèrà tò, èèrà tò lọ rere.

Ìlù dákẹ́. Ẹkùn wo ilẹ̀. Ọ̀wọ́ èèrà kan ti ìdí ọsàn wá sí ìdí àga Alága; ọ̀wọ́ kejì ti ìdí àga gba ojú títì lọ sí Ṣàgámù. Ọba tẹ̀ lé e, ìlú tẹ̀ lé ọba, ó di ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn àká. Àpò ṣúgà kan òrùlé. Ìrẹsì aláìní ti hu irun.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ara mi ni mo fi ń dánra wò, kí n lè mọ bó ṣe burú tó."

Wọ́n gba agbádá lára rẹ̀, wọ́n lé e. Ẹkùn gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ láti wádìí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, ó fi Igún ṣe alága. Èèrà tún nawọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kì í bá wọn jókòó. Yánníbo ní tirẹ̀ kò gbẹ́nu sókè, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ àgbáyun nílé ìwé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ilé tí kò wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Yánníbo.

Bí ẹ bá gba oríta Ṣàgámù kọjá lónìí, níbi tí ọkọ̀ Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Bẹ́nì ti ń fẹnu kora, ẹ ó gbọ́ ohùn Ìjàpá láàárín àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ó ti rọ nǹkan pupa kan sínú ìgò, ó lẹ ìwé mọ́ ọn. "Omi àgbáyun rè é o! Kò ní ṣúgà rárá!" Mo ra ọ̀kan, mo tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni. Mo ní, "Ìjàpá, ṣebí o ní kò ní?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbáyun ni kò ní. Èmi ni mo fi díẹ̀ sí i kó lè dùn."