Ọ̀gbẹ́ni Kò-Bófin-Mu

Ẹ ó rí i nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó òṣìṣẹ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, pàápàá èyí tó ń ti apá Surrey bọ̀. Á ti ká ìwé ìròyìn sí mẹ́rin lé itan, bírò dúdú á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn kọ́ ló ń kà. Ogun ì báà jà, ìjọba ì báà ṣubú, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára àpótí aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n ń pè ní crossword. Irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cryptic ló yàn láàyò, àdììtú tí ìbéèrè rẹ̀ ń sọ ohun kan lójú ayé, tó sì ń gbé òmíràn sábẹ́ ahọ́n. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Kò-Bófin-Mu. Bí ìbéèrè kan bá há a, kò ní sọ láé pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ló jẹ̀bi. Aṣàdììtú ti rú òfin, olóòtú ti sùn lẹ́nu iṣẹ́, ayé sì ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé òfin kọ́ ló fi ń wọn ìbéèrè. Ara rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n: èyí tó bá rí tú ló dára, èyí tó bá borí rẹ̀ ni màgòmágó.

Bí àdììtú náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Apá méjì ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè rẹ̀ ní. Ọ̀kan ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn, èkejì ń sọ bí ẹ ó ṣe kó lẹ́tà rẹ̀ jọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ibi tí apá méjèèjì ti pàdé fún yín. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é, èèyàn lè kọ ọ́ báyìí pé, “Ohun tí ọba ń dé wà nínú fìlà Déjì.” Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá lọ sí ààfin Àkúrẹ́ ti ṣìnà nìyẹn. Lẹ́tà tó kẹ́yìn fìlà àti méjì tó ṣáájú nínú Déjì ni kí ẹ kó pọ̀, adé ló máa jáde. Bí Ọ̀gbẹ́ni wa bá rí èyí tú kí ọkọ̀ tó dé Clapham Junction, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní ọlọ́gbọ́n ló kọ ọ́. Bí kò bá rí i tú, ìgbà náà ni yóò ṣàkíyèsí pé àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí a inú fìlà, pé a inú adé kò sì lámì lórí. Ohun tó sọ tọ̀nà o. Ibi tó yani lẹ́nu ni pé kì í rí irú àléébù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan bá dán fún un.

Òfin tó ń ké sí yìí náà kò ti ọ̀run wá. Edward Powys Mathers, tó ṣe àdììtú fún ìwé ìròyìn The Observer láti 1926 títí ó fi kú ní 1939, kò fi bẹ́ẹ̀ ka òfin kankan sí. Torquemada ló ń pe ara rẹ̀, orúkọ olórí àwọn tó ń fìyà jẹ aládàámọ̀ ní Sípéènì láyé àtijọ́, nítorí náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Derrick Macnutt, olùkọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì, ló gba ipò rẹ̀. Òun náà mú orúkọ ọ̀kan nínú àwọn adánilóró wọ̀nyẹn, Ximenes, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ tutù díẹ̀. Ní 1966 ó tẹ ìwé tó to òfin iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ péye, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ jókòó lásán, gírámà sì gbọ́dọ̀ dúró bí ẹ bá tú gbólóhùn palẹ̀. Ìwé yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Kò-Bófin-Mu fi ń búra. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ọ̀gá gbogbo wọn. Kíá, yóò ní Araucaria, ìyẹn John Graham, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó ń ṣe àdììtú fún The Guardian láti 1958 títí ó fi kú ní 2013 lẹ́ni ọdún 92. Baba yìí fẹ́ràn láti máa fo ọgbà òfin Ximenes bó ṣe wù ú, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un, inú àdììtú ló ti kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń tú u, ọ̀pọ̀ wọn sì sunkún. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ àlùfáà yìí, bí aṣàdììtú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá dán an wò, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀sín ni, nítorí màgòmágó wà lóòótọ́. Ó wà. Kí aṣàdììtú ní kí ẹ da lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan rú, kó má sì kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá a láàárín àìmọye ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ní ìtumọ̀, ìwà ìkà gbáà ni. Ó burú pẹ̀lú kí ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí pàdé lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Irú ẹjọ́ báyìí yẹ ní gbígbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá tọ́ máa ń rò ó ní ọjọ́ tó borí àti ọjọ́ tó fìdí rẹmi, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá wa ti ń kùnà.

Àìṣòdodo tó tóbi jù lọ nínú àdììtú yìí, Ọ̀gbẹ́ni wa kò tíì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí olóòtú nípa rẹ̀ rí. Bí ìbéèrè bá dárúkọ atukọ̀ ojú omi, AB ni kí ẹ kọ. Sójà oníbọn ńlá ni RA, sójà ẹnjiníà ni RE, Eton sì ni ilé ẹ̀kọ́, bí ẹni pé kò sí òmíràn. Ẹsẹ̀ (leg) lè di “on” nítorí pé orúkọ méjì ni apá kan pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́. Òdòdó (flower) pàápàá lè di odò, nítorí lójú aṣàdììtú ohun tó ń ṣàn àti ohun tó ń tanná kò yàtọ̀ lórí ìwé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, tó ń gba ipò kìn-ín-ní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìdáhùn kó má sì rí ibi wọlé. Ẹ sọ èyí fún Ọ̀gbẹ́ni, yóò ní, “Ta ni kò mọ ìyẹn?” Lóòótọ́, èèyàn lè kọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, àwọn àjèjì tó ti kọ́ ọ kò sì kéré. Àṣà ilé kan ni wọ́n kọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní òfin ìṣòdodo.

Yóò tún fi ìtàn 1942 gbèjà ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni The Daily Telegraph pe àwọn òǹkàwé wá tú àdììtú láàárín ìṣẹ́jú 12, tí ìjọba sì mú nínú wọn lọ tú àṣírí ọ̀tá ní Bletchley Park. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun gan-an ló ṣẹ́gun Hitler. Àwọn tó lọ sí Bletchley kò rí olóòtú kankan kọ̀wé sí pé ọ̀tá kò bófin mu.

Láti 2014 ni The Times ti ń tẹ àdììtú tó kéré tó sì rọrùn, àpótí 13 sí 13, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọ̀gbẹ́ni wa ń tú u lójoojúmọ́ kó tó kan èyí tó tóbi. Ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá há a níbẹ̀, yóò kọ̀wé sí olóòtú lórúkọ àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ó ti le jù fún wọn.