Ta Ló Ń Wo Ẹnu Àáké ní Vridi?

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó kìjikìji ni wọ́n ń pa òwe yìí fún, àti ọmọ iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọn ò pa á fún ọmọ tó jókòó sẹ́yìn butíìkì bàbá rẹ̀ ní Vridi, ní Abidjan ti Côte d'Ivoire, tó ń fi àtàǹpàkò gun àpáta lójú fóònù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Àpáta wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, oyin náà wà. Àáké nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀: owó orí fóònù bàbá ni.

Genshin Impact ni mò ń sọ, géèmù tí iléeṣẹ́ miHoYo ti Shanghai gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tí àwòrán rẹ̀ jọ kátúùnù àwọn ará Japan. Ayé kan ni, Teyvat lorúkọ rẹ̀. Bí o bá rí òkè, gùn ún. Bí o bá rí omi, lúwẹ̀ẹ́. Bí iwin bá yọjú, fi idà bá a wí. Àwọn ọmọ wa ń bi ara wọn bóyá ó yẹ ní gbígbá, nítorí ó ń gba ààyè tó lé ní 20 GB lórí fóònù, dátà kì í sì í ṣe omi òjò.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó dùn. Ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́wà, orin rẹ̀ ń wọni lára, o sì lè gbá ìtàn rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìranù lásán ni kò tíì gbá a.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí o ti fẹ́ akọni tuntun. Wọn kì í tà á fún ọ. Àdúrà ni wọ́n ń tà, èyí tó lè gbà, tó sì lè má gbà. Sẹ́fà rẹ yóò kọ́kọ́ di Genesis Crystal, Genesis Crystal yóò di Primogem, Primogem yóò di Fate, Fate ni yóò wá di àdúrà. Nígbà tí owó bá fi pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, ta ló tún máa rántí pé owó ni? Oníṣòwò Shanghai ti gba òwe baba wa síṣẹ́: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹnu àáké.

Ẹ jẹ́ ká bá wọn wò ó. Nínú àdúrà 1,000, bíi mẹ́fà ló ń bá akọni oníràwọ̀ márùn-ún pàdé. Bí o bá gbà á títí tí kò gbà, wọ́n á ṣàánú rẹ ní ìkàádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún ọ ní ẹlòmíràn. Kó tó dá ọ lójú hán-ún pé ẹni tí o fẹ́ ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́, àdúrà 180 ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 160 Primogem, àpapọ̀ rẹ̀ 28,800. Ìdì tó wọ́n jù, tí owó rẹ̀ ń lọ sí 100 dọ́là, 8,080 ló ń mú wá. Ìyẹn lé ní 350 dọ́là fún akọni kan ṣoṣo tí kò lè bá ọ gbé àpò ìrẹsì. Láti ọdún 2023, 75,000 sẹ́fà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Côte d'Ivoire. Owó akọni yẹn ju iṣẹ́ oṣù méjì lọ.

Bàbá oníbutíìkì yìí, bó bá rí ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì LONACI tó ń ra lọ́tìrì, yóò bú u dé ìdílé ìyá rẹ̀. Èyí tó wà lójú fóònù, ó ń pè é ní eré ọmọdé. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò pè é bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn tó ń ta géèmù náà gbà láti san 20 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ FTC, kí wọ́n má sì ta irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láìgba àṣẹ òbí.

Vridi kò sì ṣàìmọ oyin inú àpáta. Nígbà kan, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, iyanrìn dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi ní Port-Bouët, iyanrìn tún dí i. Wọn ò wo ẹnu àáké. Ní 1950 ni ọ̀nà omi Vridi ṣí, ọkọ̀ ńlá ráyè wọ ọ̀sà, Abidjan di èbúté, òwò èbúté náà sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ Yorùbá ọmọ Ẹjìgbò tó wà níbẹ̀ dòní. Ibi tí òwe náà ti wúlò nìyẹn: nígbà tí àáké bá kú, oyin kù.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni Natlan, ilẹ̀ tí wọ́n fi kún Teyvat ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Wọ́n kó Iansan síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe Ọya ní Brazil, wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́ eré ìdárayá. Wọ́n kó Ororon síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òǹgbá géèmù sọ pé ara Ọlọ́run ni wọ́n ti yọ ọ́. Ariwo ta nítorí pé àwọ̀ wọn pupa jù fún ibi tí wọ́n ti wá orúkọ. Èmi ò tíì dé orí àwọ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, nígbà tí àwọn mìíràn gba márùn-ún! Ó yẹ kí pásítọ̀ àti àáfà jọ fẹ̀hónú hàn. Ọmọ Yorùbá ní Vridi ń fi sẹ́fà tọrọ Ọya lọ́wọ́ Shanghai, ìyá àgbà tó lè kì í lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà nílé.

Ṣé ó yẹ ní gbígbá? Ó yẹ. Ẹ gbá a, ẹ rìn ín já, ẹ gun gbogbo òkè ibẹ̀, kí ẹ má san nǹkan kan. Ẹni tó bá ti sanwó fún àdúrà lẹ́ẹ̀kan, kó pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀ lónìí.