Ogun Àwítẹ́yìn

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn àgbà tó pa á lówe ò rò ó rí pé ogun lè lọ, kó jà, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí ẹni tó yẹ kó rán an níṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, mo bá ìyá kan ládùúgbò wa ní Ilérò níbi tó ti ń kó gbodo nílẹ̀ lórí àpáta. Rédíò ní àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bàálù ogun Nàìjíríà sì ti lọ lé wọn. Ọmọ ìyá náà ń ṣòwò ní Kútọnu. Ó fọn eruku ọyẹ́ kúrò lára ègé iṣu kan, ó ní: “Ta ni wọ́n bi?”

Abala 5 ìwé òfin ọdún 1999 náà bi í. Ààrẹ ò gbọdọ̀ rán sójà lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó lè rán wọn lọ ná, kó wá gbàṣẹ láàárín ọjọ́ 7. Ìyẹn ò burú. A kì í wáṣẹ kí a tó paná. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni òfin fún àwọn aṣòfin láti yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ìdúnàádúrà ewúrẹ́ kan lọ́jà wa máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Arọ inú òwe ò lẹ́sẹ̀, ó gbọ́n. Tiwa ní jíìpù.

Bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe! Nígbà tí sójà gbàjọba ní Niamey lọ́dún 2023, lẹ́tà ló ṣáájú ogun. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya tí ìpínlẹ̀ wọn bá Niger pààlà ṣírò ohun tó máa já lé wọn lórí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, Ilé ní kí wọ́n lọ fẹnu yanjú ẹ̀. Ogun ò jà. Àwa Òkè-Ògùn la bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Ta ló bá wa ṣírò tiwa?

Ìwéré-Ilé ò jìnnà síbí. Ibẹ̀ ni Aláàfin Awólẹ̀ ní kí Àfọ̀njá lọ jà, táwọn ìjòyè yarí, tí wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin pé àwọn kọ̀ ọ́. (Ọ̀yọ́ ò gbádùn mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, mo mọ̀.) Ẹ̀yin àgbà Abuja, a ò ní kí ẹ gbé igbá. Ẹ sáà bèèrè: sójà mélòó? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀?

Ọmọ ìyá yẹn pè lálẹ́. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ìró àkọ́kọ́ lòun ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òun gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú.